Mummy Méjì Fún Ràhmát

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń tọ́mọ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á tán.

1. Àrìnkẹ́ ń ta tòmátì ní Mile 12. Ràhmát, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ Aunty Kúnbi ní Kétu. Ọdún mẹ́ta ni àdéhùn. Ó ku oṣù méjì péré kó gba fíríídọ̀m. Kúnbi ò bímọ, ó sì fẹ́ràn Ràhmát débi pé ọmọ náà ń pè é ní Mummy.

Háà! Ó ń ta Àrìnkẹ́ lára. Tọ́mọ bá ti ní "Mummy ra oúnjẹ fún mi," á fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀.

2. Nígbà tí Iléyá kù dẹ̀dẹ̀, Ràhmát dá bùbá kan gé, ó dá a rán, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Àrìnkẹ́ rò pé tòun ni. Ọrùn Kúnbi ló ti rí i.

"Ràhmát, ta ló bí ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, Mummy mi. Àṣà ṣọ́ọ̀bù wa ni, ọ̀gá ló ń gba aṣọ àkọ́kọ́, kí wọ́n fi ṣàdúrà fún wa. Tiyín ló kàn."

Ṣé obìnrin yìí gbọ́? Kò gbọ́!

"O ò padà síbẹ̀ mọ́! Èmi ni mo kúnlẹ̀ tí mo bí ẹ!"

Kúnbi fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́. "Ìyá Ràhmát, ẹ bínú sí mi, ẹ má bínú sí ọjọ́ ọ̀la ọmọ yìí."

Àrìnkẹ́ ní kó gba ìta lọ.

3. Ọdún kan kọjá. Ràhmát dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní Ìkòsì. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹgbẹ́ télọ̀ fi dé. "Ìwé fíríídọ̀m ẹ dà?" Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù náà pa.

Àrìnkẹ́ sáré lọ bẹ Kúnbi ní Kétu. Loveth, ọmọ tó bá Ràhmát kọ́ṣẹ́, ló bá nídìí máṣíìnì.

"Ojú ń dun ọ̀gá, mà, wọ́n ti padà sí Ìjẹ̀bú, wọn ò sì lè fún ẹnikẹ́ni ní fíríídọ̀m mọ́. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi." Ó wolẹ̀. "Ràhmát ni wọ́n fẹ́ fún tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ fíríídọ̀m ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kéde ẹ̀."

Ọ̀gá mìíràn tí wọ́n tọ̀ lọ ní àfi kó tún ọdún mẹ́ta bẹ̀rẹ̀.

Ràhmát ò bá ìyá rẹ̀ jà. Ìdí apẹ̀rẹ̀ tòmátì ìyá rẹ̀ ló wà lónìí, ó ń ṣa èyí tó ti rà kúrò. Àmọ́ kò pe Àrìnkẹ́ ní Mummy mọ́. "Ẹ káàárọ̀, mà." "Mo ti dé, mà." Bó ṣe ń kí àwọn oníbàárà gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin òbí, ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ yín ò jà yín lólè. Ẹ má fi owú yín ba ọ̀la ọmọ jẹ́. Ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyá mìíràn.