Òṣèré Tó Fẹ́ Lọ Sílé Ọkọ

"Wọ́n ló bú ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀... àbí ó gbá a létí..."

Ọ̀rọ̀ náà ti gba ilé fíìmù Kyoto kan, torí akọrin tó tún jẹ́ òṣèré-bìnrin náà fẹ́ pa iṣẹ́ tì nítorí ọkọ. Ní ìrọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ wọlé.

"Ẹ káàárọ̀ o!"

"Káàárọ̀, àǹtí!" Bẹ́ẹ̀ làwọn òṣèré ń kíra wọn, ọ̀sán ni o, alẹ́ ni o.

Olùdarí Kusakabe fò dìde. "Ìgbéyàwó ńkọ́?"

"Wọ́n lé mi, ọ̀gá. Wọ́n ní mo mutí yó." Ó fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí lo sọ?"

Màmá Iwaya, tó ń bá a múra, tó sì sìn ín lọ, ló dáhùn:

"Oòrùn ti wọ̀. Ó forí kanlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ, ó ní, 'Ẹ káàárọ̀, mà.'"