Ohun Tí Adégbìjà Kò Sọ fún Dókítà Ọkàn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní ìlú Òkè-Ọsàn, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Adégbìjà. Ó lawọ́, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ orúkọ ilé wọn ti di òrìṣà sí i lọ́wọ́. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé àléébù kan wà níbẹ̀, ì báà kéré bíńtín.

Mojírádé ọmọ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé ọkọ nígbà náà. Ẹ sì mọ àṣà wa: ká tó fẹ́ ìyàwó, a máa ń wádìí ilé tó ti wá. Ṣé wàrápá ò sí níbẹ̀? Ṣé wèrè ò sí níbẹ̀? Ṣé wọn kì í kú ikú òjijì? Àwọn àna ń wádìí lọ́wọ́ ni Mojírádé sáré lé ewúrẹ́ kan tó já okùn, ló bá dákú sójú ọ̀nà. Kò pẹ́ tó fi jí. Bàbá rẹ̀ rọra gbé e lọ sọ́dọ̀ Dókítà Mopélọ́lá ní ìlú ńlá, níbi tí ojúlùmọ̀ kò ti ní rí wọn.

Ó ti pẹ́ tí dókítà obìnrin yìí ti ń ṣèwádìí ìdí tí ọkàn àwọn ẹlòmíràn fi máa ń lù ségesège. Ó ní ẹ̀rọ kan tó ń ya àwòrán ọkàn, tí èèyàn á máa wo ọkàn bó ṣe ń ṣí tó sì ń pa dé, bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ó ní òmíràn tó ń fi ìlà sórí bébà bí ọkàn bá ṣe ń lù. Ó fi méjèèjì yẹ Mojírádé wò, ó ní kó jókòó síta, ó wá kọjú sí bàbá rẹ̀.

"Bàbá, àwòrán ọkàn ọmọ yín dára, mi ò rí ibi tó bàjẹ́. Àmọ́ bó ṣe ń lù kò tẹ́ mi lọ́rùn. Àìsàn kan wà tí kì í hàn nínú àwòrán, inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ló máa ń wà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹnì kan ti ṣubú kú lójijì rí nílé yín, tàbí kó kú sódò?"

Adégbìjà rántí àwọn òkú ilé wọn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kú sódò, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ bí ẹja. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣubú lóko, kò dìde mọ́. Àwọn àgbà ilé ti fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta, kí àwọn ọmọbìnrin ilé lè rọ́kọ fẹ́.

"Rárá o, Dókítà," ó ní. "Ọjọ́ ogbó la máa ń kú nílé tiwa."

"Ẹ má bínú, bàbá. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá fi mọ̀ bóyá kí n fún un lóògùn lónìí. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ọkùnrin yìí tún mi orí. Ha! Olóríkunkun ènìyàn! Dókítà ní kí Mojírádé má sáré rárá, kó sì pa dà wá kí òun tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá rẹ̀ kò mú un pa dà, kí àwọn àna má baà gbọ́ pé ìyàwó àwọn ń lọ sọ́sibítù.

Ìwádìí parí, wọ́n dá ọjọ́ ìyàwó. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ṣú, Mojírádé sáré jáde lọ kó láfún tí wọ́n sá sórí àpáta. Ibẹ̀ ló ṣubú sí. Wọ́n pè é títí, kò dáhùn. Ọmọ náà lọ nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí àwọn àna wá kẹ́dùn, Adégbìjà kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lójú wọn. Bàbá ọkọ ìyàwó ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Àna mi," ó ní, "ẹ̀ bá ti sọ fún wa. Àrùn ẹ̀jẹ̀ wà nílé tiwa náà, bí a ó ṣe sọ ọ́ fún yín là ń wá. À bá ti jọ tọ́jú ọmọ yìí."

Adégbìjà ká ọwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ tó kù lọ bá Dókítà Mopélọ́lá, ó dárúkọ àwọn òkú ilé wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń lo oògùn, wọ́n wà láàyè. Mojírádé nìkan ni kò sí láàrin wọn.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ má fi àìsàn pamọ́ nítorí orúkọ ilé. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ikú ara ẹni ni wọ́n ń wí. Wọn ò ní kí bàbá fi ikú ọmọ ra iyì. Ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tó ṣì ṣeé tọ́jú. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.