Hendarto, Ẹni Tí Gbogbo Ẹ̀sùn Gbọ́dọ̀ Gba Ọwọ́ Rẹ̀ Kọjá

Ìgbéraga ni àléébù Hendarto. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ́n, ọpọlọ rẹ̀ sì pé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹlòmíràn ṣe tó tó nǹkan lójú rẹ̀. Bí àlejò bá yin kọfí tí ìyàwó rẹ̀ sè, á ní òun lòun ra kọfí náà.

Ní ìlú Yogyakarta wa níbí, àwọn kan kóra jọ kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Kendhi. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá wù ú lè lò ó, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè tún un kọ, ó sì lè gbé e lọ síbi tó bá fẹ́. Àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ní ìgbèríko ló fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Hendarto ni olórí ẹgbẹ́ tó ń bójú tó sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí àkọsílẹ̀ náà wà. Kò gba rúpíà kan níbẹ̀. Iyì ni owó oṣù rẹ̀, kò sì sí ohun tó bẹ̀rù tó kí iyì náà bọ́ lọ́wọ́ òun.

Nígbà tó yá, ẹ̀sùn àwọn ilé ìwòsàn ń sọnù, torí àwọn kan ń pè, àwọn kan ń kọ̀wé, àwọn mìíràn ń ránṣẹ́. Ẹgbẹ́ pinnu láti yan ètò tí yóò fún ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan ní tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìwé tí a kọ ọ́ sí, àti nọ́ńbà, tí yóò sì máa tọpa rẹ̀ títí wọn ó fi yanjú rẹ̀. Retno, obìnrin tó ń dá àwọn ilé ìwòsàn lóhùn, rí ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń lò, tí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ fi lè mú tíkẹ́ẹ̀tì kó sì ṣiṣẹ́ lé e lórí. Hendarto kò tilẹ̀ wò ó. Ó ti ń kọ tirẹ̀. Nínú tirẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rí tíkẹ́ẹ̀tì kankan àfi tí òun bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Retno ni wọ́n ti ṣèpàdé, wọ́n ń jẹ tófù díndín, wọ́n ń mu tíì alátalẹ̀. Hendarto fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn wọ́n, ó wá bi wọ́n bóyá ó tẹ́ wọn lọ́rùn.

Retno rọra gbé ife tíì sílẹ̀. "Ó rẹwà gan-an, Mas. Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná."

Bowo, tí òun náà mọ̀ nípa sáfà dáadáa, ní iṣẹ́ ńlá ni Mas ṣe, ó sì béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, Mas là ń fi pe ọkùnrin tí a bọ̀wọ̀ fún, Mbak là ń fi pe obìnrin, a kì í sì í sọ "rárá" sójú ẹni tó ju ni lọ. Ẹni tó bá ní "ẹ jẹ́ ká wò ó ná" ti kọ̀ nìyẹn. Hendarto mọ̀. Òun náà ti fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lé àwọn akiri-ọjà kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ rí. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Àmọ́ inú Hendarto ti kún fún ara rẹ̀, ìyìn nìkan ló sì gbọ́.

"Ẹ ṣé," ló wí. "Mbak Retno, èyí tó o mú wá yẹn, aṣọ àlòkù ni. Tèmi ni wọ́n rán mọ́ wa lára."

Bí ẹgbẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò Hendarto nìyẹn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè é sí ìlú Surabaya kó wá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ níwájú àwùjọ. Lọ́jọ́ náà gan-an, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Sumiyati ránṣẹ́ láti òkè Gunungkidul pé ibi tí àkọsílẹ̀ ń gbé ti fẹ́ kún. Ó tún ránṣẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì náà jókòó, ó ń dúró de ọwọ́ Hendarto. Fóònù rẹ̀ ń gbọ̀n nínú àpò, ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń yìn ín lọ́wọ́. Kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, sáfà ti kú. Àwọn ìyá tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára padà lọ nínú oòrùn, nítorí nọ́ọ̀sì kò mọ ọmọ tó ti gba èwo. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Bowo tí ì bá tètè tún un ṣe wà nílé, kò mọ nǹkan kan.

Ohun tó burú jù ni pé Hendarto kò tọrọ àforíjì. Ó dá tíkẹ́ẹ̀tì náà padà fún Sumiyati pé kò kọ ọ́ dáadáa, kó lọ tún un kọ. Retno kà á, ojú tì í dé egungun. Ohun tó sọ kò ju "Ó dáa, Mas" lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò bá Hendarto jiyàn mọ́.

Ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, nígbà tó yá kò wọlé mọ́ rárá. Láràárọ̀ ni Hendarto ń ṣí ojú ìwé ẹ̀sùn lórí kọ̀ǹpútà, tó ń rí i tó funfun, tí inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó ní wọn kò rí nǹkan ráhùn lé lórí mọ́. Nígbà ìpàdé ọdọọdún Kendhi, ó wọ bàtíìkì tuntun, ó dìde.

"Ó ti lé ní oṣù kan tí ẹ̀sùn kan ò ti wọlé," ó ní. "Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Oníkálukú tẹjú mọ́ ìrẹsì iwájú rẹ̀. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí ló dáhùn. Sumiyati ni.

"Ṣé Mas ò tíì gbọ́ ni? A ti kó kúrò níbẹ̀. Mbak Retno là ń kọ̀wé sí báyìí."

Hendarto yíjú sí Retno. Retno doríkodò. "Ẹ má bínú, Mas. Àwọn aláìsàn ò lè dúró."

Wọ́n ti gbé Kendhi lọ sórí sáfà mìíràn láìpariwo, ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan sì ti kó àkọsílẹ̀ tirẹ̀ dání. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún afẹ́fẹ́ ni Hendarto ń ṣọ́. Ó ní kí wọ́n fún òun ní kọ́kọ́rọ́ ibi tuntun. Bowo fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ sáfà, tíkẹ́ẹ̀tì ló ń kọ. Hendarto kọ tíkẹ́ẹ̀tì. Ó to gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe látẹ̀yìnwá síbẹ̀. Wọ́n fún un ní nọ́ńbà, ó sì tò sẹ́yìn ilé ìwòsàn kan tó gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. Nígbà tó kàn án, èsì dé: "Ẹ ṣeun púpọ̀, Mas. Iṣẹ́ yín ò ṣé gbàgbé. Ẹgbẹ́ wa ti pé." Wọ́n sì pa tíkẹ́ẹ̀tì náà dé. Hendarto fúnra rẹ̀ ló lọ pa àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì sunkún níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n fi ṣe olórí, ọ̀rọ̀ yín nìyí. Ẹ má ṣe fẹ́ kí ohun gbogbo gba ọwọ́ yín kọjá, nítorí iṣẹ́ tí a dá dì mú a máa pa ẹni tí a ń ṣe é fún lára. Bí àwọn tó wà lábẹ́ yín bá ń fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ fetí sí ohun tó wà nínú ọ̀wọ̀ náà. Àṣejù, ẹ̀tẹ́ ló ń mú wá. Ẹni tí kò rí aráhùn mọ́, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá èèyàn ṣì kù lọ́dọ̀ òun.