Ohùn Tí Kò Lọ

"Ta ló ṣì di ohùn yìí mú?" Aṣètò kọ̀ǹpútà náà gbá tábìlì. Oníbàárà rẹ̀ ti wà lọ́nà, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà kò ju èyí lọ: bí èèyàn bá ti ti gbogbo fèrèsé ojú kọ̀ǹpútà, kí ohùn inú wọn pa rẹ́. Ó tì wọ́n títí ó fi sú u; ohùn bàbá rẹ̀ olóògbé tó fi ń dán an wò kọ̀, kò lọ.

"Màámi, ṣé ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan níbí?"

"Èmi kẹ̀? Mo jọ olè lójú ẹ?"

Ó wá títí, ó rí fèrèsé kékeré kan tí ẹnì kan fi pamọ́ sí igun. Ó fẹ́ tì í.

"Jọ̀ọ́!" Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìwọ lo sọ pé bí a bá ti ti gbogbo ẹ̀, ó lọ nìyẹn."