Orúkọ Jósáyà Nínú Ìwé Ọmọ Ogun Ojú Omi

Ọdún kẹta rèé tí Mọ́rádéún, ẹni àádọ́ta ọdún, ti ń wá orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, Jósáyà Àkíndójú, nínú ìwé àwọn ọmọ ogun ojú omi. Fọ́tò ìgbà ọ̀dọ́ bàbá náà kan ṣoṣo ló ní. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ní yàrá ìkàwé, ó fi ìbínú pa ìwé dé.

"Kò sí níbí náà!"

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Má bínú, ọmọ mi. Akọ̀wé òyìnbó tó kọ orúkọ wa ò gbọ́ Yorùbá. 'Kíndo' ló kọ."

Mọ́rádéún tún ìwé ṣí. Ó rí i: Jósáyà Kíndo, ó bá ọkọ̀ rì.

Ó gbọ́ tí omi ń ro tótótó sílẹ̀. Ó yíjú padà. Aṣọ ọ̀dọ́kùnrin náà tutù rinrin, ojú inú fọ́tò náà gan-an sì ni ojú rẹ̀.

"Ìyàwó mi ńkọ́?" ló béèrè. "Ṣé ó ṣì ń retí mi?"