Ìpolówó Ọjà Nínú Ímeèlì Bàbá

"Kai! Bàbá, ta ló ń lo ìlédìí ọmọ nínú ilé yìí?"

Rahmah, ọmọ Ìlọrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ló ń bi bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Àbújá. Ìpolówó ọjà ti kún inú ímeèlì bàbá fọ́fọ́: ìlédìí, aṣọ ìyàwó, oúnjẹ adìyẹ.

"Èmi náà ò mọ ibi tí wọ́n ti rí mi, ọmọ mi. Mu mínírà rẹ kó tó gbóná."

"Gbogbo Sátidé ni mò ń ti Bwari wá sí Galadimawa nítorí ìdọ̀tí yìí. Ẹ wò ó, ibí yìí lẹ máa tẹ̀, wọn ò ní kọ̀wé sí yín mọ́."

"Ojú ń dùn mí. Ìka mi náà kì í gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́."

Rahmah rẹ́rìn-ín, ó sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. "Ó tán. Mo ti dí ọ̀nà wọn pátápátá. Ẹ ò nílò mi mọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Bàbá sìn ín dé géètì, ó ń juwọ́ sí i títí kẹ̀kẹ́ tó wọ̀ fi yà sí kọ́nà.

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ilé pa lọ́lọ́. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, àwọn ìka tó fi tẹ̀wé fún ìjọba fún ọdún márùndínlógójì sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kíá ló ṣí ọ̀nà tí Rahmah dí.

"Ṣé kí a máa kọ̀wé sí yín?" Ilé ìtajà bàtà ọmọdé kan ló kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà.

Bàbá tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ń wá òmíràn kí Sátidé tó dé.