Ìró Mobọ́láńlé

Láràárọ̀, bí Ìbídùn bá ti gbé ológbò rẹ̀, Dúdúyẹmí, lé itan, ọ̀já ẹ̀rọ tó wà lọ́rùn ológbò náà, tó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, tó sì ń fi òórùn dá èèyàn mọ̀, á fọhùn: "Ìfúnpá ga. Kíndìnrín rẹ̀ ò lè gbà á. Ẹ gbé e fún Mobọ́láńlé."

Mobọ́láńlé, àbúrò Ìbídùn tí kò tíì lo oṣù méjì nínú ilé! Ta ló tọ́ ológbò yìí láti ọdún mẹ́rìndínlógún? Ta ló ń bá a jẹ ẹja aláìníyọ̀ látìgbà tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀?

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú," ni Mobọ́láńlé máa ń wí. "Ọ̀já ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ìbídùn á sì rẹ́rìn-ín tí kò dénú.

Lánàá, nígbà tí àbúrò rẹ̀ wọ balùwẹ̀ lọ, Ìbídùn yọ́ mú ìró tí àbúrò náà bọ́ sílẹ̀, ó ró o, ó sì jókòó. Dúdúyẹmí gbóòórùn aṣọ náà, ló bá fò sí i lítan, ó ká kò, ó sùn lọ fọnfọn. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú Ìbídùn.

"Ìfúnpá ti wálẹ̀," ni ọ̀já wí. "Ẹ ṣeun, Mobọ́láńlé."

Ó fẹ́ pariwo pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jí ológbò náà, ìfúnpá rẹ̀ á tún ga.

Ìbídùn fa ìró bo orúnkún, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bíi ti àbúrò rẹ̀ dáhùn pé, "Kò tọ́pẹ́."